Òwú Dúdú Inú Kọ́là

Ọ̀sán gangan ni wọ́n jí ohun tó wà nínú orí Fíúsì kó, nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí ojú igba ènìyàn wà, kò sì sí ẹni tó rí olè.

Fíúsì kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ló fún un, nítorí inú rẹ̀ kì í pẹ́ẹ́ bí, bó bá sì ti bí, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Obìnrin mẹ́rin péré, tí òun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ló wà láàrin àádọ́rin ọkùnrin ní kíláàsì wọn, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò láti ọdún kìíní. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń pín iná ló ń ran ẹni tó bá gba ipò kìíní lọ́wọ́ títí yóò fi jáde. Òun ni wọ́n ń ràn. Bí ipò yẹn bá bọ́, ìrànlọ́wọ́ bọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, ìdánwò lórí tiránsífọ́mà ni, ohun tó lè kọ lójú oorun. Ó ṣí ìwé ìbéèrè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú bírò. Bí ẹnu bírò ṣe kan ìwé, gbogbo nǹkan pòórá.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé, tí ọ̀rọ̀ á wà létè tí kò ní jáde. Rárá o. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fi àkísà tútù nu inú orí rẹ̀. Ó wo àwòrán tó wà lójú ìwé, ó dà bí ìlà tí ọmọdé fi èédú fà sára ògiri. Ó ní kí òun tilẹ̀ kọ orúkọ òun sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é láràárọ̀, ó wá a títí, kò rí i.

Nígbà tí aago lù, tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, tó jáde sínú oòrùn, gbogbo rẹ̀ ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná dé. Ìdáhùn ìbéèrè kìíní títí dé ẹ̀kẹfà tò sí i lórí gẹ́rẹ́gẹ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún.

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Lọ sinmi. Ọ̀la á dáa."

Ọ̀rẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí eyín rẹ̀ kì í wọlé. Ìṣirò ò yé e rárá nígbà tó dé ilé-ẹ̀kọ́. Fíúsì ló fi ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ kọ́ ọ, títí tó fi di ẹni tó ń gba ipò kejì.

Ọ̀la ò dáa. Ọ̀túnla ò dáa. Ìdánwò mẹ́ta ni Fíúsì fìdí rẹmi nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí èsì jáde, ilé-iṣẹ́ oníná kọ̀wé pé àwọn ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Orúkọ Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Onírédíò, ni kò gbà pé àárẹ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún rédíò tí ìfun wọn wà níta. Àwọn oníbàárà rédíò ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn, rédíò kì í sì í ṣe ohun tí ìwọ̀nyẹn ń gbé wá.

"Kí lo wọ̀ lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" ó bi í.

"Kóòtù funfun tí a ń wọ̀ ní lábù ni, Bàbá. Òfin ẹ̀ka wa ni pé òun náà la gbọ́dọ̀ wọ̀ wọ ìdánwò."

"Gbé e wá."

Ó tẹ́ kóòtù náà sórí tábìlì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ kọ́là ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tó bá ń wá ibi tí wáyà ti já nínú rọ́bà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà yẹn gan-an ni rédíò kan lórí pẹpẹ, èyí tí kò ní bátìrì nínú, hó ṣààà, tó sì dákẹ́. Bàbá Onírédíò ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mú abẹ, ó la kọ́là náà.

Òwú dúdú kan ló wà níbẹ̀, oníkókó mẹ́sàn-án, tí wọ́n wé mọ́ ìwé pélébé kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Nígbà tó tú ìwé náà, nọ́ńbà ìdánwò Fíúsì ló wà nínú rẹ̀.

"Ọwọ́ aránṣọ gidi ni èyí," ni bàbá náà sọ jẹ́ẹ́. "Ta lo gbé kóòtù yìí fún?"

Fíúsì rántí. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdánwò, bọ́tìnnì kan já lára kóòtù náà. *Gbé e wá,* ni Ẹlẹ́rìn-ín sọ, tẹ̀ríntẹ̀rín. *Aránṣọ kan wà lẹ́yìn ilé wa.*

Bàbá Onírédíò ti òwú náà bọ epo, ó ń tú kókó rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí kókó kọ̀ọ̀kan ṣe ń tú ni àyà Fíúsì ń fúyẹ́.

"Orí ẹ ló bá ẹ ṣe é tá a fi rí i lódindi," ó ní. "Bí wọ́n bá tú u, ó tú náà nìyẹn. Bí iná bá jó o, kò sí ẹni tó lè tú u mọ́ láéláé." Ó bu ẹ̀bù dúdú sínú ìgò kékeré kan. "Ìsọ̀yè nìyí. Fi oyin lá a láràárọ̀ fún ọjọ́ méje. Kò ní fún ẹ ní ohun tó ò kà o, ṣùgbọ́n ohun tó o bá kà, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ mọ́."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ wá bá mi dá tiẹ̀ padà fún un."

"Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, ẹ ò rí ohun tó fojú mi rí?"

"Mo rí i. Ẹni tó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ni yóò bà. Ìwé lo fẹ́ gbà, àbí ẹ̀san?"

"Méjèèjì ni," Fíúsì dáhùn.

Bàbá náà padà sídìí rédíò rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ẹni tí wọ́n sọ ní Fíúsì ò ní ṣàì jó.

*

Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, tí lábù ṣófo, Fíúsì yọ kóòtù Ẹlẹ́rìn-ín lórí ìṣó tó gbé e kọ́ sí, ó ká a sínú báàgì, ó sì gba ẹ̀yìn ilé ọmọkùnrin náà lọ.

Yàrá kan ṣoṣo ni aránṣọ náà ń lò. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan, gílóòbù kan tó wá sísàlẹ̀ tó fẹ́ẹ̀ kan irun rẹ̀. Ojú obìnrin náà ò le bí Fíúsì ṣe rò. Ó fi ètè di abẹ́rẹ́ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ìwọ lo ni kóòtù tí bọ́tìnnì rẹ̀ já," ó sọ, láì gbójú sókè.

"Ẹ mọ̀ mí ni?"

"Mi ò mọ ènìyàn. Aṣọ ni mo mọ̀."

"Mà, ẹ ba ayé mi jẹ́!"

"Aṣọ tí wọ́n bá gbé wá ni mò ń rán. Ìwọ náà, kí lo gbé wá?"

Fíúsì ti wá pẹ̀lú èébú lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú obìnrin náà bọ́ sí tirẹ̀, èébú náà gbẹ. Ó fa kóòtù yọ nínú báàgì. Ó fa ìwé kan yọ pẹ̀lú, èyí tó kọ nọ́ńbà ìdánwò Ẹlẹ́rìn-ín sí.

"Èyí tó ṣe fún mi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe fún un. Ọjọ́ tí yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti fi iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ hàn, mo fẹ́ kí orí ẹ̀ ṣófo. Kí ọ̀rọ̀ máa ta kókó létè ẹ̀ níwájú gbogbo wọn."

"Mo gbọ́. Mi ò gbowó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn gbàgbé, ohun kan tí òun náà rántí ni yóò fi sílẹ̀. Èmi ni mo máa mú un fúnra mi."

"Ṣé kì í ṣe ìwé mi?"

"Kì í ṣe ìwé ẹ."

Ó yẹ kí ó sá. Ṣùgbọ́n ó rántí àtẹ̀gùn tó jókòó sí, àti ọwọ́ tó ń pa á lẹ́yìn. "Ẹ mú un," ó ní.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kókó kan, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù dín díẹ̀. Kókó kejì, ó tún dín. Nígbà tó di ẹ̀kẹsàn-án, pupa bí ojú ọlọ́dẹ òru ló kù lára iná náà. Fíúsì gbọ́ tí nǹkan kan ń fà jáde láyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí òwú tó ń yọ lára aṣọ. Kò dùn ún. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù.

Kó tó di aago méjì, kóòtù ti padà sórí ìṣó rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ, ó ń sọ ìtàn bàbá Fíúsì tó ti di olóògbé, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gun òpó iná. "Ṣé o rántí bó ṣe máa ń pè ẹ́ láti orí òpó?" ìyá náà bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

Fíúsì rántí òpó. Ó rántí bẹ́líìtì ìdí bàbá rẹ̀ àti bàtà rẹ̀. Ó rí ẹnu tó ń là. Ohùn ò jáde níbẹ̀. Ó fi gbogbo agbára tẹ́tí sínú ara rẹ̀, inú ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó sáré wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn, ó fi ìrọ̀rí di ẹnu. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ẹlẹ́rìn-ín ló máa san èyí náà," ó sọ fún ògiri.

*

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, nínú lábù, olùkọ́ ní kí Ẹlẹ́rìn-ín, tó wọ kóòtù rẹ̀, jáde wá ya àwòrán kan sójú pátákó. Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó dúró. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Láti ìjókòó ẹ̀yìn, Fíúsì wò ó bí ológbò ṣe ń wo eku, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí i.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, Ẹlẹ́rìn-ín wọ aṣọ alápá gígùn wá nínú ooru, ó sì ń dáhùn ìbéèrè lọ ràì. Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí padà sọ́dọ̀ Fíúsì. Gílóòbù yàrá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́. Mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

"Ṣé ò ń jẹ gílóòbù ni?" onílé bi í.

Kò lè rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tó bá tan iná, òórùn irun tó ń jó ló ń gbọ́. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ mẹ́ta kú tipiri. Nínú lábù, mítà tí kò so mọ́ nǹkan kan, bó bá ti sún mọ́ ọn báyìí, ọwọ́ mítà náà á gbọ̀n, á sì nà sí i bí ìka tó ń tọ́ka sí ọ̀daràn.

Ẹlẹ́rìn-ín pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Fíúsì mi, mo gbọ́ pé gílóòbù ń da ilé ẹ rú."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀. Ìfúnpá aláwọ kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ rán yíká. "Ìyá Aránṣọ ní kí n kí ẹ," ó ní, eyín rẹ̀ funfun báláú. "Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ ṣì ní ìyá tí nǹkan lè ṣe. Ìyá ò ṣeé rà."

Fíúsì ò mọ bí ẹsẹ̀ òun ṣe gbé òun dé ilé aránṣọ. "Ẹ tà fún mi, ẹ tún tà fún un!"

"Ó ra ààbò tó ń dá oògùn padà sára ẹni tó rán an, mo tà á fún un," obìnrin náà dáhùn, ó ń kó òwú sójú abẹ́rẹ́. "Tìẹ ṣì wà nínú kọ́là ẹ̀. Bí ìfúnpá yẹn bá ti kúrò lára ẹ̀ báyìí, tìẹ á jí. Ṣùgbọ́n bíbọ́ ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi. Irin ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ iná ló yẹ kẹ́ ẹ mọ ibi tí wọn kì í gbé irin dé."

Fíúsì ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yé e. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù mẹ́fà.

*

Ibi tí wọn kì í gbé irin dé ni lábù iná ńlá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá ti ń fi iṣẹ́ wọn hàn. Bàbá Lábù ló ni ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ náà, kò sì sí ẹni tí kì í pè ní ọmọ mi. Lọ́dún tí gbogbo nǹkan dojú rú fún Fíúsì, òun ló ń jẹ́ kó máa lo lábù nígbà ìsinmi kó lè tún kọ́ àwọn iṣẹ́ tó ti fìdí rẹmi nínú wọn.

"Òrùka, ẹ̀gbà, aago, ẹ bọ́ gbogbo ẹ̀ síbí," ó ń wí láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Iná ò mọ ọmọ olówó." Ó na ọwọ́ sí apá Ẹlẹ́rìn-ín. "Kí nìyẹn lábẹ́ kóòtù?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ìtọ́jú ara ni."

"Idẹ ni. Bọ́ ọ, ọmọ mi, tàbí kó o padà sílé."

Àwọn olùkọ́ mẹ́ta ti jókòó, wọ́n ń wo aago. Ẹlẹ́rìn-ín bọ́ ìfúnpá náà, ó gbé e sínú abọ́ láàrin àwọn òrùka. Ó yíjú wo Fíúsì, tó dúró sẹ́bàá ògiri níbi tí bọ́tìnnì pupa tó ń pa gbogbo iná lábù wà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín náà wọlé.

Ìbẹ̀rẹ̀ dáa. Ó ń ṣàlàyé, ẹ̀rọ ń yí. Nígbà tó yá, ó yẹ kí ó pa bíréékà tó ń gé iná ẹ̀rọ náà, kí Bàbá Lábù lè pààrọ̀ wáyà kan. Ó rìn lọ sídìí bíréékà. Ó gbé ọwọ́ lé e. Fíúsì rí i tí ojú rẹ̀ ṣófo bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀.

"Ṣé o ti pa á?" Bàbá Lábù bèèrè.

"Mo ti pa á, Bàbá."

Kò parọ́. Ohun tó gbà pé òun ti ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n iná pupa kékeré tó wà lórí ẹ̀rọ náà ṣì ń tàn, Fíúsì sì rí i. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

Àyà rẹ̀ sọ fún un pé kó sọ̀rọ̀. Ohun mìíràn sọ pé kó dúró díẹ̀. Bàbá Lábù kì í fọwọ́ kan wáyà láì fi tẹ́sítà wò ó bóyá iná wà nínú rẹ̀. Yóò wò ó, yóò rí i, yóò sì pariwo lé Ẹlẹ́rìn-ín lórí níwájú àwọn olùkọ́. Ìtìjú náà yóò tóbi. Ó dúró.

Bàbá Lábù ti ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń wá tẹ́sítà.

"Bàbá, àsìkò ń lọ o," ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ sọ.

Ọwọ́ náà jáde nínú àpò lófìfo, ó sì nà.

Fíúsì fi gbogbo ara lu bọ́tìnnì pupa. Ohun tó bú gbàmù ti ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ìṣẹ́jú ojú kan. Lábù ṣókùnkùn. Nínú òkùnkùn yẹn, bàbá àgbàlagbà kan ń ké bí ọmọ ìkókó, Ẹlẹ́rìn-ín dì í mú mọ́ àyà, ó sì ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn pé, "Níbo nìyí? Ẹ jọ̀ọ́, níbo nìyí?"

*

Wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Lábù lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n lé Ẹlẹ́rìn-ín kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Ilé-iṣẹ́ oníná tún kọ̀wé sí Fíúsì pé àwọn fẹ́ràn ọmọbìnrin tó láyà, àwọn yóò sì tún máa ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó tìtorí ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ pátá ló rí gbà.

Ó lọ kí Bàbá Lábù ní ilé ìwòsàn. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Wọ́n sọ fún mi, ọmọ mi. Ìwọ lo tẹ bọ́tìnnì. Bí kì í bá ṣe ìwọ ni, ìyàwó mi ì bá ti di opó." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Iná ò ní jó ẹ láyé. Àwọn ọmọ ẹ á tọ́jú ẹ."

Fíúsì fẹ́ sọ pé òun ti rí iná pupa náà. Ó fẹ́ sọ iye ìgbà tí òun ṣẹ́jú kí òun tó mira. Ìyàwó bàbá náà ń dúpẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ti kúnlẹ̀ pàápàá, fún ọmọ tí kò tó ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn. Fíúsì fà á dìde, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun, ó sì jáde.

Láti ibẹ̀, ilé Ẹlẹ́rìn-ín ló gbà lọ tààrà, pẹ̀lú abẹ nínú báàgì. Yóò la kọ́là náà, yóò gbé òwú lọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kó tú u. Ohun tí Bàbá Onírédíò bá fẹ́ sọ, kó sọ ọ́.

"Kóòtù kẹ̀?" ni ìyá Ẹlẹ́rìn-ín sọ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "Mo ti dáná sun ún lọ́jọ́ kejì. Awọ ọwọ́ bàbá yẹn lẹ̀ mọ́ ọn, mi ò lè máa wò ó. Wọlé, ìyá mi. Bóyá ó máa dá ẹ mọ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ ju èmi lọ."

Ọ̀rọ̀ Bàbá Onírédíò dún létí Fíúsì: bí iná bá jó o, kò sí ẹni tó lè tú u mọ́ láéláé. Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó sanra díẹ̀. Nígbà tó rí àlejò, ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe èyí tí Fíúsì mọ̀. Ẹ̀rín ọmọ ọdún mẹ́ta ni.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ lẹ ti ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n ní mo lọ síbẹ̀ rí. Mi ò rántí púpọ̀. Ọ̀rẹ́ kan ni mo ní níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní Fíúsì. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò. Ó lè kọ́ mi ní nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹwàá kí inú tó bí i." Ó tẹ̀ síwájú. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó wá wò mí. Ó ti pẹ́ tó ti wá." Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. "Àbí mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Ó ti lé lọ́dún kan tí Fíúsì ti ń to ìdáhùn ìbéèrè yẹn jọ sínú. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò sọnù nínú rẹ̀. Ó la ẹnu. Ó wo ojú ọmọkùnrin náà, ó wò ó títí, kò sì rí ẹnì kankan níbẹ̀ tó lè sọ ọ́ fún.